Aláǹtakùn Tí Kì í Dẹ Àwọ̀n: Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ìdílé Salticidae ní Agbègbè Ìbàdàn

Ìfáárà

Bí olùkọ́ kan bá kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ lọ sí ẹ̀bá ògiri tí oòrùn ń ràn sí, ìbáà ṣe ní Mọ́níyà ní ẹkùn Akínyẹlé, ní Lálúpọn ní Lágelú, ní Ẹ̀rúnmú ní Ẹgbẹ́dá, tàbí ní Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi rí ẹ̀dá kékeré kan lára ògiri náà. Ara rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, àwọ̀ rẹ̀ sì dàbí eérú. Yóò sáré díẹ̀, yóò dúró, yóò yí ara padà kojú ẹni tí ń wò ó. Bí eṣinṣin bá bà sí tòsí, yóò rọra máa rìn lọ síbẹ̀, yóò ba mọ́lẹ̀. Kí ojú tó ṣẹ́, ó ti wà lórí eṣinṣin náà. Àwọn ọmọ yóò béèrè orúkọ rẹ̀. Olùkọ́ yóò ní aláǹtakùn ni. Ọmọ tí ó bá lákìíyèsí nínú wọn yóò tún béèrè pé, "Tíṣà, àwọ̀n rẹ̀ dà?"

Ìbéèrè ọmọ yìí ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Èrò wa ni pé ìbéèrè náà tọ̀nà, àti pé ìdáhùn rẹ̀ wà nínú èdè Yorùbá fúnra rẹ̀, bí a bá fara balẹ̀ tú ọ̀rọ̀ tí a ní wò kí a tó máa yá ọ̀rọ̀ mìíràn lò.

Láti ìgbà tí Iṣẹ́ Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1970, a ti rí i pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ní ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ohun tí ó ń dí wa lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀-ìperí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, tí ó jáde ní 1984, dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa retí orúkọ àwọn ẹ̀dá kéékèèké nínú rẹ̀. Olùkọ́ inú kíláàsì àti olùtumọ̀ ìwé ìlera àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ẹrù náà já lé lórí, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì ń dá a gbé láìsí ẹni tí wọn yóò bi léèrè.

Ẹ̀dá tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Salticidae ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé yìí ní èdè Látìn. Òun ni ìdílé tí ó tóbi jù lọ nínú gbogbo ìdílé aláǹtakùn, nítorí pé ẹ̀yà tí a ti fún lórúkọ nínú rẹ̀ ju 6,000 lọ. Ilẹ̀ Ìbàdàn kò ṣàjèjì sí ìmọ̀ nípa wọn. Ní 2011, Wanda Wesołowska àti Anthony Russell-Smith tẹ iṣẹ́ kan jáde nínú Annales Zoologici, ìwé àtìgbàdégbà tí a ń tẹ̀ ní Warsaw, lórí irú àwọn aláǹtakùn yìí tí ó wà ní gúúsù Nàìjíríà. Nínú àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ni èyí tí a kó ní ọgbà IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ilẹ̀ olóoru tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967. Ẹ̀yà tí a kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí nínú ìmọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ṣàpèjúwe. Ní kúkúrú, orúkọ Látìn ti wà fún ẹ̀dá tí ó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko wa, a kò sì tíì pinnu ohun tí a ó máa pè é fún ọmọ wa.

Èyí tí a rí lára ògiri lẹ́ẹ̀kan ni Menemerus bivittatus. Léon Dufour, onímọ̀ ará Faransé, ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀, ní 1831. Gígùn ara rẹ̀ kò ju nǹkan bí mílímítà 9 lọ. Irun kúkúrú, funfun mọ́ eérú, bo gbogbo ara rẹ̀. Ara abo mọ́ ju ti akọ lọ, ilà dúdú méjì sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ikùn abo, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Orúkọ Látìn rẹ̀ kò sọ ju èyí lọ: bivittatus ni "onílà méjì". Yorùbá tí ó ń fi pélé àti àbàjà mọ ẹni kò ní rí ohun àjèjì kankan nínú irú ìsọlórúkọ bẹ́ẹ̀. Jákèjádò ilẹ̀ olóoru ayé ni a ti ń rí ẹ̀yà yìí nísinsìnyí, ṣùgbọ́n èrò àwọn onímọ̀ ni pé Áfíríkà ni orírun rẹ̀, àti pé ẹrù ọkọ̀ ni ó bá dé ibi tí ó kù.

Okùn, àwọ̀n, jànkáriwọ̀ àti ilé

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè ọmọ náà. Bí a bá pe "aláǹtakùn", gbogbo wa ni a ń gbọ́ "ta okùn" nínú rẹ̀. Ohun tí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà ni pé wọ́n ti so okùn yìí pọ̀ mọ́ àwọ̀n, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi rò pé aláǹtakùn tí kò bá dẹ àwọ̀n kì í ṣe aláǹtakùn mọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ àwọ̀n rárá. Okùn ni ó dárúkọ.

Bẹ́ẹ̀ ni kò sí aláǹtakùn tí ó ń ta okùn déédéé ju ti ara ògiri yìí lọ. Kí ó tó bẹ́, yóò fi ìdí kan ògiri, yóò sì lẹ okùn rẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Okùn yìí ni ó ń fà tẹ̀lé e bí ó ti ń lọ nínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá tàsé, kì í já bọ́ sílẹ̀. Yóò rọ̀ sórí okùn rẹ̀, yóò sì gun un padà. Kí olùkọ́ fi ewé kan gbé e kúrò lára ògiri, kí ó sì jẹ́ kí ó bẹ́. Bí oòrùn bá mọ́lẹ̀ dáadáa, àwọn ọmọ yóò rí okùn tín-ín-rín náà tí ń dán. Ẹni tí ó bá ti rí i kò tún ní béèrè ìdí tí a fi ń pè é ní aláǹtakùn. Orúkọ tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ gba gbogbo ìran náà, èyí tí ń dẹ àwọ̀n àti èyí tí kì í dẹ ẹ.

Kí ni a ó wá máa pe okùn náà nínú ìwé ẹ̀kọ́? Igbà ni ó kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, okùn tí ẹlẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, nítorí pé àwọn méjèèjì kì í jẹ́ kí ẹni tí ó wà lókè já lulẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rò ó síwájú, a rí i pé igbà ń yí igi po ni, ó sì ń bá ẹlẹ́mu lọ sókè bọ̀ nílẹ̀. Ti aláǹtakùn kò rí bẹ́ẹ̀: ojú kan ni orí rẹ̀ kan wà, orí kejì sì wà lára ẹ̀dá tí ń rìn. Okùn ewúrẹ́ ni ó bá a mu jù. Nítorí náà a dábàá "okùn ìso" fún okùn tí aláǹtakùn ń fà tẹ̀lé ara rẹ̀, a sì dábàá "èèkàn" fún ojú ibi tí ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Ọmọ abúlé tí ó ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn rí ti gbọ́ ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí olùkọ́ tó la ẹnu.

A gbọ́dọ̀ dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé àwọn olùtumọ̀ wa ń kó ohun mẹ́rin pọ̀ sábẹ́ "ilé aláǹtakùn". A mọ ibi tí àṣà yìí ti wá. Orí 29 nínú Àlùkùránì ń jẹ́ orúkọ aláǹtakùn, ó sì fi ilé rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ilé tí kò lágbára. Ìwé Jóòbù nínú Bíbélì náà sọ ohun tí ó jọ ọ́ ní orí 8. Nínú ìwé ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ náà dára ní àyè rẹ̀, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni yí i padà. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì, ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. "Okùn" ni kí ó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo tí ó jáde láti ìdí aláǹtakùn. "Àwọ̀n" ni kí ó jẹ́ èyí tí a hun láti fi mú ẹran, irú èyí tí a ń rí láàárín igi kòkó méjì ní òwúrọ̀ kùtù tí ìrì sẹ̀ sí i lára. "Jànkáriwọ̀" ni kí a fi sílẹ̀ fún àwọ̀n tí a ti pa tì, tí eruku ti bò lókè àjà, èyí tí àwọn ìyàwó ilé ń fi ìgbálẹ̀ gbá. Ohun tí gbogbo ayé ń lò ó fún náà nìyí. "Ilé" ni kí a wá pa mọ́ fún ibi tí aláǹtakùn ń gbé ní tòótọ́.

Aláǹtakùn ara ògiri ní ilé. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ń fi okùn hun ún bí àpò kékeré, sínú ihò ògiri, sí abẹ́ páànù, tàbí sí ẹ̀yìn fèrèsé tí a kì í sábà ṣí. Inú rẹ̀ ni ó ń sùn ní òru, inú rẹ̀ ni ó ti ń bọ́ awọ bí ejò, inú irú rẹ̀ sì ni abo ń yé ẹyin sí, tí ó ń ṣọ́ wọn. Bí a bá ti ná ọ̀rọ̀ "ilé" tán sórí àwọ̀n, kí ni ó kù tí a ó pe èyí?

Fò, tọ, bẹ́

Ìdílé yìí nílò ọ̀rọ̀ kan tí yóò yà á sọ́tọ̀ lára àwọn aláǹtakùn yòókù, ọ̀pọ̀ èdè tí ó sì ti sọ ọ́ lórúkọ ni ó mú orúkọ náà láti inú bí ó ṣe ń bẹ́. Látìn pàápàá, inú ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ bíbẹ́ ni ó ti fa Salticidae yọ.

Ẹni tí ó bá ń kánjú yóò kọ "aláǹtakùn afò". A kò fara mọ́ ọn. "Fò" ní èdè wa ru ẹrù méjì: tata ń fò, ẹyẹ náà sì ń fò. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun tí a ń wò ni ó ń la èyí tí a ń sọ yé ara wa. Nínú ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó bá ka "aláǹtakùn afò" ní Badéku láìtíì rí ẹ̀dá náà yóò máa wá ìyẹ́ rẹ̀, aláǹtakùn kò sì ní ìyẹ́ kankan. Àìní ìyẹ́ wà lára ohun tí a fi ń dá a mọ̀ yàtọ̀ sí kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà. Orúkọ tí ó bá ń pa irọ́ nípa ohun tí ẹ̀kọ́ fẹ́ fi hàn gan-an kò yẹ fún ìwé ẹ̀kọ́.

Àwọn kan lè ní kí a lo "tọ", bí ọ̀pọ̀lọ́ ti ń tọ. Títọ ọ̀pọ̀lọ́ ni ọ̀nà tí ó fi ń rìn. Aláǹtakùn yìí ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bọ̀ láti òwúrọ̀. Bíbẹ́ ni ó fi ń pa ẹran. "Aláǹtakùn ọdẹ" ni a tún gbé yẹ̀ wò, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ìdílé mìíràn wà tí ń ṣọdẹ láìdẹ àwọ̀n, tí wọn kì í sì í bẹ́ bí èyí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọdẹ tí ọmọ ìgboro Ìbàdàn mọ̀ jù ni ẹni tí ń jókòó sẹ́nu géètì lóru.

"Bẹ́" ni ó kù. Ọ̀bọ ń bẹ́ láti orí ẹ̀ka kan sí òmíràn. Ènìyàn ń bẹ́ sílẹ̀ láti orí kẹ̀kẹ́. Kò sí ẹni tí yóò fi ìyẹ́ sí ọ̀kankan nínú wọn. Àléébù rẹ̀ ni pé "bẹ́" tún jẹ́ gígé àti títú jáde lójijì, bí a ti ń bẹ́ igi àti bí táyà ti ń bẹ́. "Abẹ́" lásán kò sì yàtọ̀ lójú ìwé sí "abẹ́" tí í ṣe ìsàlẹ̀. Nítorí náà a fi "mú" kún un: aláǹtakùn abẹ́mú, èyí tí ń bẹ́, tí ó sì ń mú. Bí a ti ṣe so àpólà-ìṣe náà pọ̀ kò ṣàjèjì. Ọ̀nà tí a gbà ní "apẹja" àti "apẹranjẹ" ni. Ẹnìkan lè sọ pé akọ rẹ̀ a máa bẹ́ nígbà tí kò mú ohunkóhun, àti pé ó ń bẹ́ láti sá fún ọmọńlé pẹ̀lú. Òótọ́ ni. Apẹja náà a máa sùn.

Bí ó ṣe ń bẹ́ yẹ ní àlàyé, nítorí pé ibẹ̀ ni olùtumọ̀ ti sábà ń ṣìnà. Bí a bá kọ ọ́ pé "iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lágbára", a ti purọ́. Ẹsẹ̀ aláǹtakùn ní iṣan tí ń ká a, ṣùgbọ́n ní àwọn oríkèé pàtàkì rẹ̀, kò ní èyí tí ń nà án. Omi ara rẹ̀ ni ó ń ti ẹsẹ̀ náà nà. Yóò fún àyà pọ̀, omi ara yóò ya wọ inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹsẹ̀ yóò sì nà gbọnran bí rọ́bà tí a ṣàdédé ṣí omi ẹ̀rọ sí. "Ipá omi ara" ni a dábàá fún èyí. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú ilé olúkúlùkù: aláǹtakùn tí ó bá ti kú a máa ká ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sínú, nítorí pé ipá omi ara kò sí mọ́ tí yóò nà wọ́n.

Ojú àti ẹyinjú

"Ó ní ojú mẹ́jọ" kì í ṣe gbólóhùn tí ó dára tó, nítorí pé ojú ní èdè Yorùbá ni ohun tí a fi ń ríran, òun náà sì ni iwájú orí látòkè délẹ̀. Ojú kan ni abẹ́mú ní. Ẹyinjú mẹ́jọ ni ó wà lára orí rẹ̀. Kí olùtumọ̀ di "ẹyinjú" mú ṣinṣin.

Méjì nínú ẹyinjú wọ̀nyí tóbi, wọ́n kọjú síwájú, àwọn ni wọ́n sì mú kí ó dàbí ẹni pé ẹ̀dá náà ń wo ènìyàn lójú bí a bá sún mọ́ ọn. "Ẹyinjú àgbà" ni kí a pè wọ́n. Mẹ́fà tí ó kù kéré, wọ́n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Iṣẹ́ wọn jù lọ ni láti mọ̀ bí nǹkan bá mira níbikíbi. "Ẹyinjú ìṣọ́" ni orúkọ tí iṣẹ́ wọn fún wọn. Ohun tí ẹyinjú ìṣọ́ bá fura sí, abẹ́mú yóò yí ara padà kí ẹyinjú àgbà lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹyinjú àgbà gùn sínú orí bí awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Awò iwájú rẹ̀ kì í yí. Awọ ìríran tí ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún ni iṣan ń gbé lọ gbé bọ̀. Ìpele mẹ́rin ni awọ ìríran yìí ní, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ìpele mẹ́rin yìí ni ó sì ràn án lọ́wọ́ láti mọ bí ẹran ti jìnnà sí i tó. Takashi Nagata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi èyí hàn ní 2012 pẹ̀lú ẹ̀yà kan tí ń gbé inú ilé, Hasarius adansoni. Àwòrán ẹran ń mọ́ kedere lórí ìpele tí ó jìn jù lọ, ó sì ń ṣe bàìbàì lórí èyí tí ó tẹ̀ lé e. Bí bàìbàì náà ti pọ̀ tó ni abẹ́mú fi ń ṣírò bí ọ̀nà ti jìn tó. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ni àwọn ìpele méjèèjì yìí ń lò. Nígbà tí a tan ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé sí wọn, wọ́n bẹ́ bá ẹran. Nígbà tí a tan ìmọ́lẹ̀ pupa nìkan, wọn kò bẹ́ dé ibẹ̀. A kò nílò láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun kan láti sọ gbogbo èyí. "Bàìbàì" ti wà nínú èdè wa tipẹ́tipẹ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí ó ṣe iṣẹ́ náà jù ú lọ.

Ibùgbé gẹ́gẹ́ bí orúkọ

Fún àwọn ẹ̀yà tí ń bẹ nínú ìdílé náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí a fi ibùgbé sọ wọ́n lórúkọ. Yorùbá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí: ọmọńlé ni a pe ẹran tí òun àti abẹ́mú jọ ń du eṣinṣin lára ògiri kan náà. Mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ nínú ilé gbígbé ní ilẹ̀ olóoru, agbo ilé Yorùbá sì ti pín àyè wọn fún wa.

Menemerus bivittatus ni "abẹ́mú ògiri". Ojú oòrùn ni ó fẹ́: ògiri ìta, ọgbà onígi, ara igi ńlá. Ògiri alámọ̀ àtijọ́ tí ó ti sán wúlò fún un ju ti búlọ́ọ̀kù tí a rẹ́ dán lọ, nítorí pé ihò wà níbẹ̀ tí yóò kọ́ ilé sí.

Plexippus paykulli ni "abẹ́mú ọ̀dẹ̀dẹ̀". Ó tóbi ju ti ògiri lọ díẹ̀. Akọ rẹ̀ dúdú, ilà funfun sì wà lára rẹ̀ láti orí dé ìdí. Ẹ̀bá iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti sábà ń bá a ní alẹ́, níbi tí kòkòrò ń rọ́ sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń gbé orí igbó ṣúúrú àti ohun ọ̀gbìn pẹ̀lú.

Hasarius adansoni, èyí tí a sọ̀rọ̀ ẹyinjú rẹ̀, ni "abẹ́mú ìyẹ̀wù". Ó lè gbé ibi tí oòrùn kò dé. Victor Audouin ni ó ṣàpèjúwe òun àti ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní 1826, nínú iṣẹ́ tí ó ṣe lórí aláǹtakùn Íjíbítì àti Síríà. Adanson tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é ni Michel Adanson, ará Faransé tí ó gbé ní Senegal láti 1749 dé 1754.

Kí olùkọ́ má ṣe sọ orúkọ wọ̀nyí di òfin. Bí ọmọ kan bá rí abẹ́mú ògiri nínú ìyẹ̀wù, kò túmọ̀ sí pé ọmọ náà tàbí aláǹtakùn náà ṣẹ̀. Nínú ìwé ìwádìí, kí orúkọ Látìn máa tẹ̀ lé ti Yorùbá nígbà gbogbo.

Lóko, ọ̀rọ̀ náà tún gbòòrò sí i. Irú kan wà, Myrmarachne, tí ara rẹ̀ rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti eèrà, tí ń gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè bí ẹni pé ìwo eèrà ni. "Abẹ́mú afarawéèrà" bá a mu. Ní Kenya, ní ẹ̀bá adágún Victoria, ni Evarcha culicivora ń gbé, tí a fún lórúkọ ní 2003. Abo ẹ̀fọn tí ó ti fa ẹ̀jẹ̀ yó ni ó ń ṣà pa. Ìròyìn rẹ̀ gbayì, olùtumọ̀ ìwé ìlera yóò sì fẹ́ mú un wọlé. Kí ó rántí pé ìwà ẹ̀yà kan ní ibì kan ni, kì í ṣe ti gbogbo abẹ́mú Ìbàdàn.

Ṣé kòkòrò ni?

Ibi tí ọ̀rọ̀-ìperí ti ń kan oúnjẹ àti owó nìyí. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, kòkòrò ni aláǹtakùn, kòkòrò ni tata, kòkòrò sì ni ohun tí ń jẹ ẹ̀wà nínú àpò. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ wa fi Gammalin 20 fín igi wọn. Lindane ni oògùn inú rẹ̀, Àdéhùn Stockholm sì fi í sínú àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ fòpin sí ní 2009. Oògùn bẹ́ẹ̀ kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Bí olùtumọ̀ bá kọ sínú ìwé ìléwọ́ pé "oògùn yìí ń pa gbogbo kòkòrò", àgbẹ̀ ní Àkànrán yóò kà á sí ìyìn. Bí ó bá kọ ọ́ pé "ó ń pa kòkòrò tí ń ba kòkó jẹ́, ó sì ń pa aláǹtakùn tí ń bá wa jẹ wọ́n", àgbẹ̀ yóò dúró ronú kí ó tó gbé ẹ̀rọ ìfínko kọ́ ẹ̀yìn. Láàárín gbólóhùn méjì yìí, kò sí ohun tí ó yàtọ̀ ju pé a yọ aláǹtakùn kúrò nínú agbo kòkòrò.

A kò sọ pé kí a fi òfin de ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí "kòkòrò" máa gbòòrò bí ó ti wà, kí ìwé ẹ̀kọ́ lo "kòkòrò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́fà" fún ìran tata àti eṣinṣin, kí ó sì lo "ìran aláǹtakùn" fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ. Àkeekèé àti eégbọn wà nínú ìran kejì yìí. Ọmọ darandaran tí ó bá ka ẹsẹ̀ eégbọn tí ó ti dàgbà yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Àyọkà fún kíláàsì kẹrin

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dábàá nìyí bí wọ́n ṣe lè rí lẹ́nu olùkọ́:

"Abẹ́mú ògiri jẹ́ ọ̀kan nínú ìran aláǹtakùn. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni ó ní. Kì í dẹ àwọ̀n. Ẹyinjú ìṣọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ rí eṣinṣin, ẹyinjú àgbà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó lẹ okùn ìso rẹ̀ mọ́ ògiri. Ojú ibẹ̀ ni èèkàn rẹ̀. Ipá omi ara na ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, ó bẹ́, ó sì mú eṣinṣin náà. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó padà sínú ilé tí ó fi okùn hun sínú ihò ògiri."

Iṣẹ́ àmúrelé: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣọ́ ògiri kan ní òwúrọ̀ mẹ́ta. Kí ó kọ iye abẹ́mú tí ó rí, ibi tí oòrùn wà, àti ẹran tí ọ̀kọ̀ọ̀kan mú. Kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó dàgbà jù nínú agbo ilé bóyá ó mọ orúkọ mìíràn tí a ń pè é. Bí orúkọ náà bá wà, tí ó sì bá ẹ̀dá náà mu, kí olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ abúlé tí a ti gbọ́ ọ, kí ó sì fi ṣáájú "abẹ́mú".